Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ibà rẹ̀

Ìbéèrè

Kábbà ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 15, SS2 ló wà. Ibà Lásà mú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo. Ọmọ mi wà lára àwọn tó gbé bàbá náà wọ mọ́tò, bàbá náà sì bì sí i lára. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ká máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ fún ọjọ́ 21. Ọjọ́ kẹfà la wà yìí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá bi í léèrè, "Kò sí nǹkan" ni. Fóònù ló ń tẹ̀ títí di aago méjì òru. Lánàá ó yọ́ jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, bàbá rẹ̀ sì ní ẹgba ló máa gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà mi ò ra gàrí lọ́wọ́ mi mọ́. Báwo ni kí n ṣe bá a sọ̀rọ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá oríkunkun ni, àbí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn

Ọ̀kun o, ìyá wa. Ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, torí ẹgba ti fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tí kòkòrò Lásà wọ̀ lára, tí àìsàn náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kì í kó o ran ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti itọ́ ẹni tó ti ń ṣàìsàn ló ń gbé e kiri. Ìjókòó pọ̀ tàbí ìbọwọ́ lásán kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀, tí wọn ò ní kí ẹ tì í mọ́lé. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò gbóná, tí nǹkan kan ò ṣe, tó lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ohun tó ṣe tí kò dáa ni pé ó yọ́ jáde, ó sì yọ́ jáde torí ó ti mọ̀ pé bí òun bá tọrọ àyè, "rárá" ni òun máa gbọ́. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera yín. Bó bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa wọn ìgbóná ara kó tó jáde, kó sì padà wálé kíákíá bí orí bá ń fọ́ ọ, tàbí bó bá rí i pé ó ń rẹ òun ju bó ṣe máa ń rẹ òun lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ìwé yín kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe fóònù. "Kò sí nǹkan" yẹn ni.

Ibà Lásà kì í fi ara hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara gbígbóná díẹ̀, rírẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ara ríro: bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì yàtọ̀ sí ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ojú wíwú àti ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti imú tàbí èrìgì, ẹ̀yìn ló máa ń dé, kì í sì í dé sára gbogbo ènìyàn. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ribavirin, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tẹmómítà lè sọ fún yín pé ara rẹ̀ gbóná, àmọ́ kò lè sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún láti àná. Ọmọ náà nìkan ló mọ ìyẹn.

Kí ọmọ ọdún 15 tó la ẹnu, á ti ro ó wò. Á wo bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń ya ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Á wo gàrí yín tó wà nínú àpò láìtà, kó sì gbà pé òun lòun fà á. Á rántí ẹgba bàbá rẹ̀. Bó bá wá ní orí ń fọ́ òun, ta ni yóò fara gbá a? Gbogbo ilé. Torí náà, á lọ sí kẹ́mísí, á ra parasítámọ́ọ̀, á gbé e mì. Parasítámọ́ọ̀ á sì mú ìgbóná ara wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Nọ́mbà tí ẹ bá wá kọ sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò purọ́ fún yín pẹ̀lú ẹnu.

Nítorí náà, ìyá wa, bíbá a sọ̀rọ̀ wà lára ìtọ́jú náà gan-an.

Bàbá rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà. Ẹ bá bàbá sọ ọ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kí ọmọ má gbọ́. Ẹ ní kó gbé ọ̀rọ̀ ẹgba sílẹ̀ títí ọjọ́ 21 yóò fi pé, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ pé: "Bí nǹkan kan bá ń ṣe ẹ́, ì báà jẹ́ ní òru, sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó máa pariwo mọ́ ẹ." Bí ẹ̀yin nìkan bá sọ ọ́, kò ní gbà á gbọ́, torí kì í ṣe ẹgba tiyín ló ń bẹ̀rù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí ẹ ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má pè é jókòó sí pálọ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú, bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ síwájú yín, ilẹ̀ ni yóò máa wò, ẹ̀yin náà á sì bínú pé kò dáhùn. Ìgbà tí ẹ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara yín ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu irú ọmọ yìí: níbi tí ẹ ti ń bó ẹ̀gẹ́, níbi tí ẹ ti ń ṣa kajú, lórí ọ̀kadà tí ń lọ sóko, tàbí nínú òkùnkùn tí iná bá lọ. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ń wo ibòmíì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Bí ó bá fẹ́ dìde, ẹ jẹ́ kó dìde.

Ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ìgbóná ara rẹ̀ tán. Bí gbogbo ìwọ̀n bá ti ń mú ìbéèrè lẹ́yìn, láìpẹ́ á máa sá fún ìwọ̀n fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín ni ọpẹ́. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó rí àgbàlagbà tó ń kú lọ, kò sá, ó bá wọn gbé e. Láti ọjọ́ náà, ìyà ni ohun tó rí gbà fún un. Ẹ sọ ọ́ fún un gbangba: "Ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tó ní ìwà ló ṣe é." Kí ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" tì í lẹ́yìn, torí "ṣùgbọ́n" nìkan ni yóò gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sọ, kì í ṣe ohun tó ń ṣe òun: "Kí làwọn ọmọ kíláàsì yín ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí?" "Kí lẹ rí kà lórí WhatsApp?" Ọ̀dọ́langba tí kò lè sọ "ẹ̀rù ń bà mí" lè sọ "wọ́n ní ẹni tó bá lọ Irrua kì í bọ̀." Ẹ̀rù òun fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí yín yẹn. Bí ẹ bá béèrè tí kò dáhùn, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń gùn lójú òbí ju bó ṣe gùn lọ. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ má tíì gbà á níyànjú, ẹ kàn dá ohun tó sọ padà fún un: "O rò pé wọn ò ní padà wá." Ó lè sọ ìyókù.

Ohun mẹ́ta ló máa ń pa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwàásù ni ìkíní. Ìkejì ni "nígbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí rẹ". Ìkẹta ló burú jù: kí ohun tó sọ fún yín lánàá wá di àkòrí àdúrà ní ìpàdé àwọn ìyá, tàbí kí ẹ̀gbọ́n yín láti Lókòjà pè é lọ́jọ́ kejì pé "mo gbọ́ pé…". Ẹ gbàdúrà o, àmọ́ ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú ẹni tí ẹ óò sọ fún (òṣìṣẹ́ ìlera àti bàbá rẹ̀) àti pé ẹlòmíì ò ní gbọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí àgbègbè wa ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Lásà máa ń pọ̀ jù, ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin ń sun igbó tí wọ́n sì ń dọdẹ eku. Kòkòrò Lásà ń gbé inú ara eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó ń gbé oko tó sì ń wọlé wá jẹ oúnjẹ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí lórí ohun èlò ni ó sábà ń fi kó o ran ènìyàn. Pípa á àti ṣíṣe ẹran rẹ̀ náà léwu. Bí ọmọ yín àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jọ dọdẹ eku láìpẹ́, tí wọ́n sì gbé díẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa rò pé òun lòun fa àìsàn bàbá yẹn. Ọmọ ò ní sọ èyí láìjẹ́ pé ẹnìkan béèrè. Ẹ bi í jẹ́jẹ́: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi pé o mọ ibi tó ti wá?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé "mo ti kìlọ̀ fún ẹ". Òótọ́ tí ẹ lè sọ ni pé eku ń wọ gbogbo ilé, ó ń tọ̀ sórí àgbàdo, sórí gàrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, sínú àwo tí a ò dé, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tàbí eku tó fà á. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì jẹ nínú ẹran náà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ẹjọ́.

Ìwọ̀n ìgbóná ara wá ńkọ́? Ẹ gbé e lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bí aago méje àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tàbí àkókò tí òṣìṣẹ́ ìlera yín bá yàn. Kó fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípírítì nu ẹnu tẹmómítà, kó nu òógùn abíyá gbẹ, kó fi ẹnu rẹ̀ sí àárín abíyá, kó pa apá dé títí yóò fi dún. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tó ti oòrùn dé, tàbí tó sáré, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 kó tó wọ̀n ọ́n. Kó kọ nọ́mbà náà, aago rẹ̀, àti oògùn èyíkéyìí tó bá lò. Ẹ̀yin á kàn wo ìwé náà. Ọmọ tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́. Bó bá dé 38°C, tàbí tí kò dé e ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò dá, ẹ pe nọ́mbà òṣìṣẹ́ ìlera, tàbí 6232 tí kì í gba owó, ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn. Ẹ má kọ́kọ́ lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísí, ẹ má sì gbé e káàkiri láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn láìsọ pé ó fara kan ẹni tó ní Lásà. Ẹ rí i dájú pé ọjọ́ tó gbé bàbá yẹn ni wọ́n ti ń ka 21, kì í ṣe ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ wá. Àṣìṣe kékeré yìí lè fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kún ìdààmú ọmọ.

Fóònù. Ọ̀dọ́langba nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ara wọn sì máa ń fẹ́ pẹ́ kí oorun tó kùn wọ́n. Bí a ṣe dá wọn ní ọjọ́ orí yẹn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmọ́ aago méjì òru ti pọ̀ jù. Ẹ má gba fóònù náà, torí ọ̀rẹ́ tí kò lè bẹ̀ wò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ dá aago kan, ká ní mẹ́wàá ààbọ̀, tí gbogbo fóònù ilé, tiyín àti ti bàbá pẹ̀lú, yóò lọ sórí tábìlì pálọ̀. Mo mọ̀ pé iná sábà máa ń dé lóru, àwọn ọmọ á sì ní àwọn ń dúró chájì. Ẹni tó bá ń lọ ìgbọ̀nsẹ̀ lóru lè ki okùn bọ̀ ọ́.

Ohun tó ń kà níbẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Nàìjíríà, òru ọjọ́ kan ni ìròyìn gba orí fóònù kiri pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan lára àwọn tó mu ún kú. Ní ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí NCDC kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní ìpínlẹ̀ Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọmọ tó dàgbà sínú ohùn méjì báyẹn, kò ní ṣàdédé gba ohun tí ẹ sọ nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ jọ kà á ni. Bó bá fi hàn yín pé ata ijọ̀sí àti àáyù ń wo Lásà, ẹ má bú ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ ní: "Báwo la ṣe lè mọ̀?" Kó fúnra rẹ̀ pe òṣìṣẹ́ ìlera béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé àfiṣe ni.

Ẹ fún un níṣẹ́ kan tó ní láárí. Ihò tí eku ń gbà wọlé ni kó wá kó sì dí, kó sì rí i pé gàrí, àgbàdo àti ẹ̀wà yín wà nínú ike tó ní ìdérí líle. Bí ìgbẹ́ eku bá wà nílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ó kéré tán, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó da omi jíìkì sí i, kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fi pépà kó o dànù. Jíìkì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ife kan ni wọ́n ń pò mọ́ omi ife mẹ́fà. Ẹ má po ọṣẹ tàbí oògùn ìfọlé míì mọ́ ọn. Iṣẹ́ yìí wúlò fún ọjà yín pẹ̀lú: oníbàárà tó bá rí gàrí yín nínú ike tí a dé dáadáa ní ohun tó lè fojú rí.

Ó kan apá kejì ìbéèrè yín. Oríkunkun máa ń yan ibi tí yóò wà: ọmọ á ya agídí sí yín, síbẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa jẹun, á máa fẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ yín ṣì fẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í yan ibì kan, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Bọ́ọ̀lù ò dùn mọ́, oúnjẹ ò wọlé, oorun dàrú, kì í wẹ̀, ìwé ò yé e mọ́, ó ń sọ pé òun ò wúlò. Lára ọmọkùnrin, ìbínú ló sábà máa ń jọ, ẹkún kọ́. Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 21 yìí, bí ara rẹ̀ bá rọ tí kò sì fẹ́ jẹun, ẹ má ṣe sọ pé "ìrònú ni". Lásà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ìgbóná ara rẹ̀, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó gbé e sórí ọkàn.

Ohun kan wà tí kì í dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, bó bá ń fi ohun ìní rẹ̀ tọrẹ, tàbí bó bá ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére, ẹ bi í lójúkojú: "Ṣé ó ti wá sí ẹ lọ́kàn láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn, ẹni tó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ ló máa ń tù lára. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Oògùn koríko, oògùn kòkòrò àti oògùn eku inú ilé yín, ẹ kó wọn jáde lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó, lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ náà náà ni kí ẹ mú un dé ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí lè tẹ̀ lé e, kó má ṣaájú.

Bí ilé ìwé bá lé e wálé, ẹ má rán an padà láti lọ bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera sórí fóònù níwájú ọ̀gá ilé ìwé, kó ṣàlàyé.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ra káàdì ₦500 fún un, kí ẹ ní kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wà ní Irrua. Kí ẹ sì kúrò nínú yàrá.